Ta Ni Ó Pa Kòkòrò Ìdùnnú?

Ní ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, gílóòbù kékeré kan kú ní òwúrọ̀ nínú ọgbà Alhájà Bàdírátù ní Agbowó. Kì í ṣe iná ìjọba ni ó lọ. Bí ó bá jẹ́ iná ìjọba ni, kò sí ẹni tí ì bá gbé orí sókè wò ó. Gílóòbù yìí ti ń tàn fún ọjọ́ méjìléláàádọ́rin láìsinmi, kò mu epo, kò sì yá oòrùn. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọbìnrin tí ó ni ín ti dé àgọ́ ọlọ́pàá, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì.

"Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti pa wọ́n!"

Kọ́púrà Wándé tí ó jókòó nídìí káńtà fa ìwé sún mọ́ra kíá. "Ẹ fara balẹ̀. Àwọn mélòó ni wọ́n pa?"

"Mi ò lè kà wọ́n, sà. Wọ́n á tó bílíọ̀nù lọ́nà ẹgbẹ̀rún."

Bírò já bọ́ lọ́wọ́ Wándé. "Bílíọ̀nù? Ní Agbowó?"

"Kòkòrò ni, sà."

Wándé wo ọmọbìnrin náà, ó wo àjà, ó wá yíjú sí igun yàrá níbi tí Sájẹ́ǹtì Zùwáírátù ti ń mu tíì. "Ọ̀gá, tiyín nìyí."

"Bọ̀dá Wándé, báwo ló ṣe jẹ́ tèmi?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ lánàá pé ẹ ò rí ẹjọ́ gidi kan láti bí oṣù méjì."

Wándé fi ọdún mẹ́wàá ju Zùwáírátù lọ, Zùwáírátù sì fi ipò jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń jẹ́ Bọ̀dá tí èkejì fi ń jẹ́ Ọ̀gá, tí ọ̀wọ̀ sì dọ́gba láàrin wọn. Zùwáírátù gbé ife kalẹ̀. Ó wo bàtà méjì tí kò bára mu wọ̀nyẹn, ó sì mọ̀ pé ohun yòówù tí kòkòrò yìí ìbáà jẹ́, ẹni tí ó ni ín kò wá ṣeré.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wo òkú," ni ó wí.

Inú kẹ̀kẹ́ ni ó ti gbọ́ ìtàn náà. Ìdùnnú Ayẹni ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ó ń kàwé gba oyè kejì, yàrá kan ní ilé Alhájà Bàdírátù ni ó ń gbé.

"Ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọlọ́pàá," ni Zùwáírátù wí.

"Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń gbé, mà. Mo bu ẹrẹ̀ náà nínú gọ́tà tó wà nídìí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Bódìjà. Ojú lásán ò lè rí wọn. Mo kó ẹrẹ̀ yẹn sínú ìkòkò amọ̀ kéékèèké, mo ti ọ̀pá dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì bọ àárín ẹ̀, mo wá fi àbẹ́là dí ẹnu ìkòkò kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Omidùn orí ògì ni mo ń fún wọn jẹ."

"Wọ́n ń mu omidùn?"

"Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, mà. Bí wọ́n bá ṣe ń jẹun ni iná á máa jáde lára wọn bọ́ sára ọ̀pá yẹn. Wáyà á gbé e gba inú gílóòbù kọjá, lọ sára ọ̀pá kejì tó wà níta ìkòkò, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ìkòkò kan ò lè ṣe nǹkan tó pọ̀. Mo wá so méjìlá pọ̀."

Oníkẹ̀kẹ́ kò lè mú un mọ́ra. "Ẹ dákun, èmi tí mo ń mu ògì láràárọ̀ ńkọ́? Kí ló dé tí mi ò tàn?"

Wándé rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ fi ń mì. Ìdùnnú pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omijé ló kọ́kọ́ dé.

"Aago méjì òní ni, mà," ni ó wí. "Àwọn mẹ́ta ń bọ̀ láti Dùgbẹ̀ wá yẹ iṣẹ́ mi wò. Yàrá ìwádìí kan ló ṣófo ní Ring Road, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa fún, èmi tàbí Olúṣẹ̀yẹ, ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ṣe iná oòrùn. Dókítà Olúwadáre tó jẹ́ olórí wọn wá wo iná mi lóṣù tó kọjá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bátìrì lásán ni, pé irin àti omi kíkan ló ń ṣe é, kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ó ní kí n fi hàn òun lónìí pé nǹkan alààyè ló ń tan iná yẹn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kí n gbàgbé ẹ̀. Ilé ìwé ti sọ fún mi pé àwọn ò ní àyè fún ẹrẹ̀ mọ́. Tí mi ò bá rí yàrá yìí, iṣẹ́ mi parí nìyẹn."

Zùwáírátù wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Ìkòkò méjìlá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà bí àwọn ọmọ ilé kéwú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju orí ọmọdé lọ. Ẹnu wọn ni wọ́n fi àbẹ́là funfun dí, ihò kékeré kan sì wà láàrin àbẹ́là náà tí wọ́n fi ìdérí rọ́bà dé, ibẹ̀ ni omidùn ń gbà wọlé. Bébà tí wọ́n kọ nǹkan sí wà lára ọ̀pọ̀ wọn, nínú ọ̀rá.

Zùwáírátù kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó lọ, ó bọ̀. Wáyà kò já. Wọn kò jí nǹkan kan. Kò sí ìkòkò tí ó fọ́. Ó fi imú sún mọ́ wọn: òórùn kíkan ni, kò sí òórùn kẹ́míkà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ìdí ìkòkò tutù, ó rin. Oṣù kìn-ín-ní ni a sì wà yìí, tí ọyẹ́ ti la ètè gbogbo ènìyàn, tí òjò kò rọ̀ láti oṣù kọkànlá.

"Ìgbà wo lo rí i gbẹ̀yìn tó ń tàn?"

"Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, mà, ìgbà tí mo jí. Mo lọ ra omidùn lọ́dọ̀ ìyá ológì. Nígbà tí mo padà dé ní aago méje ààbọ̀, ó ti kú."

"Ta lo fura sí?"

Ìdùnnú bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò fẹ́ parọ́ mọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n rí Suhail tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe níbí lánàá, púláyà lọ́wọ́. Ó ti ń sọ ọ́ kiri pé iná mi máa gba oúnjẹ lẹ́nu òun."

Iwájú ọgbà náà ni Suhail ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Nígbà tí ó rí ọlọ́pàá méjì, ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ tó kún fún epo nu ojú, ojú rẹ̀ sì dúdú.

"Suhail," ni Zùwáírátù wí, "wọ́n ní o sọ pé iná ọmọ yìí máa gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ."

"Mo sọ ọ́, mà. Àwàdà ni. Gílóòbù tó tó èékánná, mà! Ṣé òun ló máa gbé fíríìjì ni?"

"O mú púláyà lọ síbẹ̀ lánàá."

Suhail wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá á gbé mi ni."

"Ó gbé ẹ?"

"Rárá, mà. Ni mo bá fi ahọ́n kàn án."

"Ahọ́n!" ni Wándé pariwo.

"Ó kàn ń ta èèyàn fíntínfíntín ni. Mo so wáyà padà, iná tàn, mo lọ kírun alásárì. Ìdùnnú fúnra ẹ̀ rí i pé ó ń tàn."

Ìdùnnú mi orí. Òótọ́ ni. Iná náà ti tàn láti ìgbà náà di òwúrọ̀.

"Ahọ́n ẹ ti dá ẹ sílẹ̀," ni Zùwáírátù wí. "Má fi kan nǹkan míì o."

Ó ku Olúṣẹ̀yẹ. Ìdùnnú mú fóònù jáde, ó fi ọ̀rọ̀ tí Olúṣẹ̀yẹ fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná hàn wọ́n: *Iná ẹ máa kú lọ́la ni o. Lọ ra àbẹ́là sí i.* Wándé ti ń wá ìdè ọwọ́ nínú àpò. Zùwáírátù pe nọ́ńbà náà, ó sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa gbọ́.

"Olúṣẹ̀yẹ, ọlọ́pàá ni. Ibo lo wà?"

"Mo... Apete ni, mà. Mo wà nílé. Kí ni mo ṣe?"

"Iná Ìdùnnú ti kú."

"Ó kú lóòótọ́? Háà! Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ó ń sunkún?"

"Ìwọ lo sọ pé ó máa kú."

"Bá a ṣe máa ń bú ara wa nìyẹn! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní oòrùn máa fìyà jẹ mí. Mà, mo fẹ́ fi ẹ̀yìn ẹ̀ janlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, kì í ṣe báyìí. Ta ló fẹ́ borí ẹni tí ò wá sí pápá? Ẹ ní kó má sunkún. Mo ń bọ̀."

Ó gé e. Zùwáírátù wo fóònù náà bí ẹni pé ó ṣì ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbà á gbọ́?" ni Wándé bi í.

"Ẹni tó bá pa nǹkan kì í béèrè bóyá olóhun ń sunkún. Á béèrè bóyá wọ́n ti mọ ẹni tó ṣe é." Ó yíjú sí Ìdùnnú. "Nígbà tí iná kú, ṣé o yẹ ìkòkò wò lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Rárá, mà. Mo kàn sáré wá ni."

"Àwa kì í pe afurasí méjìlá sínú yàrá kan náà. Mú mítà ẹ wá. A máa fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò níkọ̀ọ̀kan."

Ìdùnnú fi ẹnu wáyà mítà kan ìkòkò kìíní. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan." Èkejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kẹfà, kò sí èyí tí ó fọhùn. Ó dé orí èkeje, ó tún fi mítà kàn án lẹ́ẹ̀kejì.

"Kí ló wí?"

"Ó wà láàyè," ni Ìdùnnú wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mà, ó wà láàyè! Bó ṣe wà lánàá náà ló wà!"

Ẹ̀kẹjọ kú. Gbogbo ìyókù kú títí dé orí ìkejìlá. Àárín gan-an ni èkeje wà, òkú mẹ́fà lápá ọ̀tún, òkú márùn-ún lápá òsì.

"Bọ̀dá Wándé, tí ẹ bá kórìíra ọmọ yìí, mélòó lẹ máa pa?"

"Gbogbo ẹ̀. Màá tún fọ́ wọn."

"Ẹni yìí dá ẹyọ kan sí. Kí ló dé?"

"Bóyá ohun tó fi ń pa wọ́n ló tán."

"Ṣé ó máa tán láàrin, kó tún wá pọ̀ sí i lẹ́yìn náà?" Zùwáírátù kúnlẹ̀, ó fi ojú wé èkeje mọ́ ẹ̀kẹjọ. Ibẹ̀ ni ó ti rí i. Àbẹ́là ẹnu èkeje gún, ó ṣì ní ipa ìka Ìdùnnú lára. Àbẹ́là ẹnu ẹ̀kẹjọ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó sì dì padà ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ ojú ẹ̀kọ.

Ọdún mẹ́fà àti oṣù méjì ni Zùwáírátù fi lọ aṣọ aláṣọ ní Àpáta kí ó tó di ọlọ́pàá. Áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́èédú ni, ìyẹn ni ó fi ń ran ara rẹ̀ níwèé ìrọ̀lẹ́. Aṣọ funfun àwọn onísùtánà ni ó ń wá jù, àbẹ́là ìsìn á sì ti kán sára wọn. Ó ti yọ àbẹ́là títí ó fi mọ ìwà rẹ̀. Èyí tí iná bá yọ́ máa ń ní èéfín dúdú létí. Èyí tí omi gbígbóná bá yọ́ máa ń mọ́ báyìí.

"Omi híhó ni," ni ó wí. "Wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n rọ ọ́ sínú títí ó fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi rin. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní òórùn." Ó dìde. "Ìdùnnú, kí ló yàtọ̀ lára èkeje?"

Ìdùnnú wò ó títí. "Kò sí nǹkan kan, mà. Àfi bébà. Ọyẹ́ gbé bébà tiẹ̀ lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mi ò tíì kọ òmíràn."

Zùwáírátù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ náà. Ó ka bébà ara ẹ̀kẹjọ sókè: "KÒKÒRÒ WÀ NÍNÚ ÌKÒKÒ YÌÍ. Ẹ ṢỌ́RA." Ó yíjú sí Ìdùnnú. "Ta lo kọ ọ́ fún?"

"Fún àwọn ará ilé, kí wọ́n má baà dà á nù."

"Tó o bá kọ kòkòrò, kí ló wà lọ́kàn ẹ?"

"Bakitéríà, mà."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bọ̀dá Wándé? Tí wọ́n bá ní kòkòrò wà nínú nǹkan nílé yín?"

"Aáyán. Eèrùn. Ìdin." Wándé ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Mi ò tiẹ̀ ní í bá wọn sọ̀rọ̀. Omi gbígbóná ni màá..."

Ó yíjú wo ilẹ̀ tí ó rin. Ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

"Kì í ṣe ọ̀tá," ni Zùwáírátù wí. "Ọ̀tá mọ ohun tó wà níbẹ̀, kò nílò bébà. Ẹni tó ṣe èyí ka bébà, ó gbà á gbọ́, ó sì fẹ́ràn ẹ dé ibi tó fi dìde wá ràn ẹ́ lọ́wọ́. Ta ló máa ń se omi láàárọ̀ nínú ọgbà yìí?"

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí, Alhájà Bàdírátù jáde, ìborùn lórí, ìtẹ́lọ́rùn lójú.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Ìdùnnú, o ò tiẹ̀ kí mi kú iṣẹ́?"

"Iṣẹ́... iṣẹ́ kí ni, Alhájà?"

"Kòkòrò tó gba gbogbo ìkòkò mọ́ ẹ lọ́wọ́! Ọmọ àgbà, ọmọ ọlọ́mọ, wàá kọ ọ́ sára ìkòkò dípò kó o sọ fún mi. Bí mo ṣe kírun ṣùbúù tán, tí ojú ilẹ̀ mọ́, omi tí mo fi ṣe àlùwàlá ṣì ń hó lórí iná, mo ní kí n bá ọmọ yìí pa wọ́n. Kẹ́tù mẹ́rin! Ìkan ò jẹ̀rora níbẹ̀."

"Alhájà," ni Ìdùnnú wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, "àwọn ló ń tan iná yẹn."

"Àwọn wo?"

"Kòkòrò."

Alhájà wo ìkòkò. Ó wo gílóòbù. "Mo rò pé o kàn fi ìkòkò di wáyà mú ni." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó jókòó lórí àpótí. "Yéè! Mo ti pa NEPA ọmọ mi!"

Ìdùnnú ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhájà, ó gbé orí lé e léjìká, ẹkún àti ẹ̀rín kò sì yàtọ̀ mọ́. Wándé bi Zùwáírátù bóyá kí òun kọ ọ́ ní ìpànìyàn tàbí ìpakòkòrò. Suhail ti jókòó sórí jẹnẹrétọ̀, ó di ìhà mú.

Zùwáírátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìkòkò.

"Dókítà yẹn sọ pé bátìrì lásán ni, àbí? Irin àti omi kíkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Níbi iṣẹ́ tiwa, tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ló ń ṣe nǹkan, a máa mú un kúrò, a máa wò ó bóyá nǹkan náà á dúró. Irin ṣì wà nínú ìkòkò mọ́kànlá yìí. Omi kíkan ṣì wà níbẹ̀. Ẹrẹ̀ kan náà, wáyà kan náà. Kí ni kò sí mọ́?"

Ìdùnnú dìde díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. "Mo mọ ìdánwò yẹn, mà. Mi ò kàn ní ọkàn àtipa wọ́n ni."

"Alhájà ní in."

Olúṣẹ̀yẹ dé láti Apete ní aago mọ́kànlá, ó mú pátákó kékeré kan tí ó lè gbé iná tí kò lágbára sókè. "Mo yá ẹ ni o," ni ó wí. "Tó o bá fi borí mi, mi ò ní í kí ẹ mọ́ títí ọ̀sẹ̀ méjì." Ìkòkò keje pẹ̀lú pátákó náà tan gílóòbù pupa kan. Kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tàn.

Àwọn mẹ́ta dé ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Dókítà Olúwadáre bọ́ awò ojú, ó fi mítà kan ìkòkò kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé pátákó sára ìkòkò kẹta. Iná kú. Ó ní kí wọ́n gbé e padà sára èkeje. Iná tàn. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ìgbà kẹrin, ó ti gbàgbé pé aṣọ funfun ni òun wọ̀, ó ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ohun kan náà ló wà nínú gbogbo wọn?"

"Ohun kan náà ni, sà. Àwọn mọ́kànlá ti kú ni."

"Ìdánwò tó mọ́ nìyí. Ta ló ṣètò ẹ̀?"

Alhájà Bàdírátù gbé ọwọ́ sókè. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin, mà? Kí lẹ lò?"

"Omi híhó, kẹ́tù mẹ́rin, pẹ̀lú bísímílà."

Ẹ̀rín tí Dókítà rín ní ọjọ́ náà kì í ṣe irú ti oṣù tí ó kọjá. Ó bọ Ìdùnnú lọ́wọ́, ó sì sọ fún un pé kí ó wá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá Ring Road ní ọjọ́ Ẹtì. Olúṣẹ̀yẹ pàtẹ́wọ́ ju gbogbo ènìyàn lọ, ó tún yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó lè fi hàn pé òun ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì òun. Alhájà ti ń bi ọ̀kan nínú àwọn méjì yòókù láti Dùgbẹ̀ bóyá ilé rẹ̀ náà ní kòkòrò.

Kọ́púrà Wándé ṣí ìwé àgọ́, ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ohun tí òun máa kọ. Zùwáírátù ní kí ó kọ òótọ́. Kò sí ọ̀daràn, kò sí ẹjọ́. Kòkòrò inú ìkòkò mọ́kànlá, tí Ìdùnnú Ayẹni fi ọjọ́ mọ́kànléláàádóje tọ́ láti ọjọ́ tí ó ti bu ẹrẹ̀ wọn ní Bódìjà, ni ó kú. Kò sí ọ̀kan tí ó yè nínú wọn.